Àtúnṣe 27 inú ìwé òfin Amẹ́ríkà: ìbéèrè tí àwọn ará wa máa ń bi mí

Láti ọjọ́ tí mo ti yege ìdánwò sítísìn níbí ni wọ́n ti fi mí jẹ oyè tíṣà tí mi ò bèèrè fún. Ìsìn ò ní í tíì tú tán tí ẹnìkan á ti fà mí lápá nídìí abọ́ ìrẹsì: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, àtúnṣe kẹrin yẹn, kí ló sọ ná?" Ìdí nìyí tí mo fi kọ àwọn ìdáhùn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ẹni tí ẹjọ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀, kó gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, kó má fi ohun tó kà lórí fóònù ja ìjà kóòtù.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìwé òfin Amẹ́ríkà gan-an?

Awọ ẹran mẹ́rin ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní ìlú Philadelphia, lọ́dún 1787. Èèyàn 39 ló fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹfà ọdún 1788 ni New Hampshire tó jẹ́ ìpínlẹ̀ kẹsàn-án gbà á, ibẹ̀ ló ti di òfin. Inú gíláàsì ló wà báyìí ní Washington, ẹnikẹ́ni ló lè lọ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìpín méje ló ní. Ìkínní sọ̀rọ̀ nípa àwọn aṣòfin, ìkejì nípa ààrẹ, ìkẹta nípa kóòtù. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ aráàlú kò tó nǹkan nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó bí George Mason ará Virginia nínú débi pé kò fọwọ́ sí i. Ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti ka ẹ̀tọ́ èèyàn sílẹ̀.

Báwo wá ni àwọn ẹ̀tọ́ náà ṣe wọ inú rẹ̀?

Ariwo ló mú wọn wọlé. James Madison, tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ rí ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀, ló gbé àbá náà wá síwájú ilé aṣòfin ní ọdún 1789. Àtúnṣe 12 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. Mẹ́wàá là á já ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1791, àwọn ni wọ́n ń pè ní Bill of Rights. (Ẹ rántí méjì tó kù yẹn, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bọ̀.)

Èkínní dáàbò bo ẹnu ẹni, ẹ̀sìn ẹni, ìwé ìròyìn, ìpéjọ àti ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé ẹ̀dùn ọkàn sí ìjọba. Èkejì, ìbọn. Ẹ̀kẹta ní kí ìjọba má kó ṣọ́jà wá sùn sí ilé onílé. Òun ni mo máa ń gbàgbé. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má ṣàdédé tú ilé ẹni. Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, kí wọ́n má sì dá ẹjọ́ kan fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹfà, lọ́yà àti ìgbẹ́jọ́ kíákíá. Ẹ̀kẹjọ, kí ìyà má jẹ́ ti ìkà. Èyí tó kù, ẹ ó rí i kà bí ẹ bá ń múra ìdánwò.

Mi ò tíì di sítísìn. Ṣé mo ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ìwé yìí?

Ẹ ní in. Bí ẹ bá ka ìwé náà dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn tó kọ ọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín "èèyàn" àti "ọmọ ìlú". Nígbà tó bá kan ìbò, ọmọ ìlú ni wọ́n máa ń kọ. Nígbà tó bá kan pé kí wọ́n má gba ẹ̀mí, òmìnira tàbí ohun ìní lọ́wọ́ ẹni láìtẹ̀lé òfin, èèyàn ni wọ́n kọ. Ẹni tó gba green card, ẹni tó wá kàwé, ẹni tí físà rẹ̀ ti kú, èèyàn ni gbogbo wọn.

Kóòtù ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1886. Ní San Francisco, ìlú ṣe òfin pé ẹni tó bá ń fọṣọ fún owó nínú ilé onípákó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Òfin náà kò dárúkọ ẹ̀yà kankan. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 200 ará Ṣáínà tó bèèrè ìwé àṣẹ ni wọ́n dá padà, tí wọ́n sì fún àwọn òyìnbó tó kù. Alágbàfọ̀ kan gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì borí. Ẹjọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní Yick Wo, orúkọ ilé ìfọṣọ náà. Kò sí lára àwọn alágbàfọ̀ yẹn tó lè dìbò. Ní 1982, kóòtù kan náà sọ fún Texas pé kò lè lé ọmọ kúrò ní iléèwé ìjọba nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ kó o wọlé láìní ìwé.

Bí àwọn ìmígíréṣọ̀n bá kan ilẹ̀kùn ńkọ́?

Àtúnṣe kẹrin ló ni ìdáhùn yìí. Ọdún 1980 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ kedere pé ọlọ́pàá kò lè já wọ ilé ẹni láti mú un láìní ìwé àṣẹ, àfi bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Ìwé àṣẹ méjì ló wà, èyí sì lẹ gbọ́dọ̀ wò. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí adájọ́ fọwọ́ sí, tí orúkọ kóòtù wà lókè rẹ̀. Èkejì jẹ́ èyí tí ọ̀gá wọn nínú ọ́fíìsì wọn fọwọ́ sí. Ìwé ọ̀gá kì í ṣe ìwé adájọ́. Ẹ lè ní kí wọ́n tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ kà á. Ẹ má parọ́, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn dáhùn, ẹ má tì wọ́n. Lórí ọ̀rọ̀ ìwé méjì yìí, ìjọba àti àwọn lọ́yà ṣì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nítorí náà ẹ ní nọ́ńbà lọ́yà sí ibi tí àwọn ọmọ yín pàápàá lè rí i.

Ti pápákọ̀ òfuurufú yàtọ̀. Ní ẹnu ibodè, wọ́n lè tú ẹrù yín láìní ìwé adájọ́ kankan, wọ́n sì máa ń bèèrè fóònù. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá mú yín láàárín ìlú, kóòtù ti sọ láti 2014 pé kò lè ṣí fóònù yín wò láìgba ìwé àṣẹ.

Ta ló ń san owó lọ́yà?

Èèyàn kan wà tó ń jẹ́ Clarence Gideon. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní Panama City, Florida, lọ́dún 1961 pé ó fọ́ ilé tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní pool. Kò lówó. Ó bẹ adájọ́ pé kí wọ́n fún òun ní lọ́yà, adájọ́ ní òfin Florida kò gbà bẹ́ẹ̀ àfi fún ẹni tí wọ́n lè pa. Gideon fẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́, ó jẹ̀bi, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti mú pẹ́ńsù, ó kọ lẹ́tà sórí ìwé tí wọ́n ń fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó fi ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní 1963. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà dá, tí lọ́yà wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wákàtí kan péré ló gba àwọn jùrì, ìyẹn àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́, láti sọ pé kò jẹ̀bi.

Ìdí tí ìjọba fi ń san owó lọ́yà fún aláìní lónìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹjọ́ ọ̀daràn nìkan ni. Kóòtù ìmígíréṣọ̀n kì í ṣe kóòtù ọ̀daràn, ẹ lè ní lọ́yà níbẹ̀ ṣùgbọ́n àpò yín ni owó rẹ̀ ti máa jáde. Mo ti rí ẹni tó jókòó títí dọjọ́ ẹjọ́, tó ń retí kí ìjọba rán lọ́yà wá.

Ohun mìíràn: bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi kí ìyà lè fúyẹ́, ẹ bi lọ́yà yín ohun tí yóò ṣe fún green card yín kẹ́ ẹ tó lanu. Láti 2010 ló ti di dandan fún lọ́yà láti sọ ọ́ fún oníbàárà tí kì í ṣe sítísìn, nínú ẹjọ́ awakọ̀ akẹ́rù kan tó wá láti Honduras. Lọ́yà tirẹ̀ ti sọ fún un pé kó má ṣèyọnu.

Ọ̀gá mi lé mi níṣẹ́ nítorí ohun tí mo kọ sórí Facebook. Àtúnṣe kìn-ín-ní ńkọ́?

Kò kàn án. Ìjọba ni ìwé òfin so lọ́wọ́, kò so ọ̀gá iléeṣẹ́ aládàáni. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba lẹ ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọ̀ yín, ẹ̀sìn yín tàbí ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti wá ni wọ́n torí ẹ̀ lé yín, òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 lẹ máa dì mú, kì í ṣe àtúnṣe.

Wọ́n ní àwọn olórìṣà gbé ìlú kan lọ sí kóòtù. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, èmi ò sì mọ ìdí tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà kò fi mọ ìtàn yìí lórí.

Ìjọ kan wà ní Florida tí wọ́n ń pè ní Church of the Lukumi Babalu Aye. Ẹ pe Babalu Aye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó gbọ́ Ọbalúayé. Àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ni wọ́n tọ́jú ẹ̀sìn náà, Lùkùmí ni wọ́n ń pè é. Ernesto Pichardo ni olórí ìjọ náà. Ní 1987, wọ́n háyà ilẹ̀ ní Hialeah, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìsìn, iléèwé àti ibi àṣà sí i.

Ìlú gbọ́, ìlú dà rú. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ìpàdé pàjáwìrì. Bí Pichardo bá ní kóun sọ̀rọ̀, èrò á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ sọ pé ní Kúbà àtijọ́, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa ń jù àwọn tó bá ń ṣe ẹ̀sìn yìí sí, ńṣe ni èrò pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹran rúbọ. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó bá pa adìẹ fún ọbẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọdẹ kò jẹ̀bi, apẹja kò jẹ̀bi, ẹni tó dẹ pàkúté fún eku kò jẹ̀bi, àwọn Júù tó ń pa ẹran ní ìlànà wọn náà kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá pa adìẹ kan náà fún òrìṣà nìkan lòfin mú.

Ìjọ náà pàdánù ní kóòtù àkọ́kọ́, wọ́n tún pàdánù ní kóòtù kejì. Wọn ò fi í sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ náà fún wọn, adájọ́ mẹ́sàn-án lórí mẹ́sàn-án. Anthony Kennedy ló kọ ìdájọ́ náà. Ó ní ìlú lè ṣe òfin ìmọ́tótó, ó lè ṣe òfin ìtọ́jú ẹran, ṣùgbọ́n kò lè ṣe òfin tó jẹ́ pé ẹ̀sìn kan ṣoṣo ló ń wá kiri. Ẹ ka ìdájọ́ náà, ẹ ó rí orúkọ Yorùbá nínú rẹ̀, ẹ ó rí òrìṣà níbi tí adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Ọmọ ìjọ Kírísítẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kà á. Lónìí, oríṣiríṣi ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ni lọ́yà wọn ń tọ́ka sí ẹjọ́ Lùkùmí yẹn bí ìjọba bá fẹ́ fi òfin dí wọn lọ́nà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún ìwé òfin náà ṣe?

Ó le bí ojú ẹja. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà àti ilé aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ gbà, lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀ 38 nínú 50 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọ̀nà kejì wà, kí ìpínlẹ̀ 34 pe àpérò, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbà á rí. Ó lé ní 11,000 àbá tí wọ́n ti gbé wá láti 1789, 27 péré ló là á já. Ààrẹ kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá. Kì í buwọ́ lù ú, kò sì lè dá a padà.

Àwa tí a ti Nàìjíríà wá, ibí yìí ló máa ń tà wá létí. Ìjọba oníààrẹ tí a gbé wọ̀ ní 1979, àwòṣe Amẹ́ríkà ni. Ìwé òfin 1999 náà fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì l'Ábújá, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀, ìyẹn 24 nínú 36. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orí kẹrin tó ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nínú lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà á ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Nílé wa, ẹ̀tọ́ le láti tún ṣe ju nǹkan mìíràn lọ. Níbí, ìgbésẹ̀ kan náà ni fún ẹ̀tọ́ àti fún owó oṣù aṣòfin.

Owó oṣù aṣòfin kẹ̀?

Àtúnṣe kẹtàdínlọ́gbọ̀n nìyẹn, ọ̀kan nínú méjì tó kù sílẹ̀ ní 1791. Ó ní bí àwọn aṣòfin bá fi kún owó ara wọn, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ìbò mìíràn fi máa wáyé. Ó sùn sílẹ̀. Ní 1982, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Texas ní Austin, Gregory Watson, kọ iṣẹ́ kíláàsì lórí rẹ̀ pé kò tíì kú, wọ́n ṣì lè jí i. Wọ́n fún un ní C. Inú bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Maine dáhùn, Colorado tẹ̀ lé e, títí tí iye náà fi pé ní oṣù karùn-ún ọdún 1992. Yunifásítì náà yí C yẹn sí A ní 2017.

Àwọn àtúnṣe wo ló kan àwa aláwọ̀ dúdú?

Ẹ̀kẹtàlá (1865) fòpin sí oko ẹrú, àfi bí ó bá jẹ́ ìjìyà fún ọ̀daràn, gbólóhùn kékeré tí wọ́n ṣì ń bá fa wàhálà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n di òní. Ẹ̀kẹrìnlá (1868) sọ ẹni tí wọ́n bí síbí di ọmọ ìlú, ó sì ní kí òfin dáàbò bo gbogbo èèyàn lọ́gbọọgba. Ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún (1870) ní wọn ò gbọdọ̀ torí àwọ̀ gba ìbò lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù wá ọ̀nà mìíràn: ìdánwò ìwé kíkà, owó orí kí èèyàn tó dìbò. Ọdún 1964 ni àtúnṣe kẹrìnlélógún tó mú owó orí yẹn kúrò nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ wọlé, òfin ìbò ti 1965 sì gbógun ti ìdánwò ìwé kíkà. Mississippi kò fọwọ́ sí òpin oko ẹrú títí di 1995, wọ́n tún gbàgbé láti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Washington títí di 2013.

Nínú gbogbo wọn, ẹ̀kẹrìnlá ni ìyá. Kó tó dé, Bill of Rights so ìjọba àpapọ̀ nìkan lọ́wọ́; gómìnà lè ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ̀kẹrìnlá yìí ni àwọn kóòtù fi mú àwọn ẹ̀tọ́ náà wọ ìpínlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun ni Gideon gùn dé ilé ẹjọ́, òun náà ni ìjọ Lùkùmí gùn.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

1920 ni àtúnṣe kọkàndínlógún fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ó ku ìpínlẹ̀ kan, ìyẹn Tennessee. Harry Burn, aṣòfin ọmọ ọdún 24, so òdòdó pupa mọ́ aṣọ rẹ̀, àmì pé kò ní í gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà màmá rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀, màmá ní kó jẹ́ ọmọ gidi kó dìbò fún un. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó ní òun gbà. Bí ó ṣe wọlé nìyẹn.

Òótọ́ ni pé wọ́n fòfin de ọtí rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kejìdínlógún (1919) dè é, ẹ̀kọkànlélógún (1933) tú u. Òun nìkan ni àtúnṣe tí wọ́n tíì fi àtúnṣe mìíràn pa rẹ́.

Ọmọ tí mo bí síbí, ṣé ọmọ Amẹ́ríkà ni?

Láti 1898 ni ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Wong Kim Ark, tí wọ́n bí ní San Francisco, lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ṣáínà, nígbà tó dé wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé. Ó borí wọn, àtúnṣe kẹrìnlá ló fi borí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ìwé, tàbí tó wá fún ìgbà díẹ̀, tí bàbá rẹ̀ kì í sì í ṣe sítísìn tàbí ẹni tó ní green card, kì í ṣe ọmọ ìlú mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, adájọ́ kan ní Seattle dá a dúró, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹ bèèrè ibi tó dé lọ́wọ́ lọ́yà, ẹ má gbà á lẹ́nu WhatsApp.

Mo ní green card. Ṣé mo lè dìbò?

Rárá o! Bí ẹ bá lọ gba láísẹ́ńsì ọkọ̀, wọn á bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Òṣìṣẹ́ tó ń bi yín kò mọ̀ bóyá sítísìn ni yín. Ẹ ní "rárá", kẹ́ ẹ sì ka ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ sí. Ìbò ààrẹ tí ẹni tí kì í ṣe sítísìn bá dì, ó lè dá a padà sílé.

Iye ìbéèrè mélòó ni wọ́n máa bi mí nínú ìdánwò náà?

Ẹni tó bá fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2025, 20 ni wọ́n máa bi í nínú 128, ó sì gbọ́dọ̀ gba 12. Ti àtijọ́ jẹ́ 10 nínú 100, kéèyàn gba mẹ́fà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 55 tó sì ti lo ọdún 15 pẹ̀lú green card lè fi èdè tirẹ̀ ṣe é, kó mú ògbufọ̀ dání.

Bí màmá kan tí mo kọ́ lórí tábìlì ìdáná wọn ṣe ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ka ìwé náà, ẹ̀wà ń hó lórí iná. Nígbà tí ọ́físà bi í pé àtúnṣe mélòó ló wà, màmá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n." Ògbufọ̀, ọmọ tí wọ́n bí síbí, wo òkè àjà, ó ń yọ mẹ́ta kúrò nínú ọgbọ̀n. Ọ́físà ti gbé kálámù sókè. Màmá ní nígbà tó yá lòun na ìka sókè fún un, méjì ní ọwọ́ kan, lẹ́yìn náà márùn-ún àti méjì.